Téèpù Wà Lórí Ife, Ahọ́n Mi Ló Tú Mi Fó

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí bí ẹ ti jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ tí ń gbẹ irun, ẹ fara balẹ̀. Mi ò ní kí ẹ bá mi sunkún. Ẹ kàn rọra máa rẹ́rìn-ín, kí onírun má baà jó yín létí.

Danelle lorúkọ mi. Ojú fèrèsé ni mo ti ń jẹun, nílùú wa kékeré ní gúúsù Louisiana. Ẹ ó wa mọ́tò yín wá, ẹ ò ní sọ̀kalẹ̀, ẹ ó na ọwọ́, n ó gbé ọtí yìnyín lé e. Ọtí líle ni, a fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ yìnyín àti omi èso. Ó dùn débi pé ẹ ò ní mọ̀ pé ọtí ni títí orúnkún yín á fi sọ fún yín.

Bẹ́ẹ̀ ni, awakọ̀ là ń tà á fún, lórí ìjókòó awakọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, òfin wà. Àwọn aṣòfin wa kì í ṣeré rárá. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ọtí tó ti ṣí lọ́wọ́ nínú mọ́tò, ì báà jẹ́ awakọ̀, ì báà jẹ́ èrò. Báwo la ṣe wá fẹ́ mọ èyí tó ṣí yàtọ̀ sí èyí tí kò ṣí, nígbà tó jẹ́ pé inú ife oníke ni gbogbo ẹ̀ wà? Wọ́n ronú, wọ́n ronú, ọgbọ́n sì dé: téèpù.

Ẹ dé ife, ẹ lẹ téèpù mọ́ ojú ihò tí sitírọ́ọ̀ ń gbà wọlé, ẹ kó sitírọ́ọ̀ fún oníbàárà lọ́tọ̀. Ó parí. Ọtí ti di ẹrù. Téèpù tí kò fẹ̀ ju ìka kan lọ ló ń gba gbogbo títì ìpínlẹ̀ wa lọ́wọ́ ọ̀mùtí. Mi ò mọ ohun tí àwọn ibòmíì ń fi iná ojú pópó ṣe.

Èmi sì ni ọ̀gá téèpù. Mo máa ń fi róòlù rẹ̀ sọ́rùn ọwọ́ bí ẹ̀gbà. N ó fi eyín já a, n ó lẹ̀ ẹ́, n ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Oníbàárà á ní, "Danelle, tí ọlọ́pàá bá dá mi dúró ńkọ́?" Èmi á ní, "Ọ̀gá, ẹ fi téèpù hàn án. Yìnyín lẹ rà." Mo ti sọ ọ́ títí tí mo fi ń rò pé èmi ni mo kọ òfin ọ̀hún.

Òfin yẹn ní ibì kan sí i tí ẹnikẹ́ni kì í bi mí, tí èmi náà ò sì bi ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó dúró ná.

Kerwin ni àfẹ́sọ́nà mi. Ìyá rẹ̀, Miss Vernice, ló ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Ìdajì àwọn àgbàlagbà ìlú wa ló jẹ́ pé òun ló kó wọn lọ kọ́ ìwé kíkà, títí kan àwọn ọlọ́pàá. Kì í mutí. Ó ní ẹni tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ, òórùn ọṣẹ ìfọyín nìkan ló yẹ kó máa jáde lẹ́nu ẹ̀.

Ẹ wá wo ìyàwó ọmọ tí Ọlọ́run wá fi ta á lọ́rẹ: èmi, ọlọ́tí ojú fèrèsé.

Ní Ọjọ́rú Eléérú, tí Lẹ́ntì bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé jókòó sídìí tábìlì, oníkálukú ń sọ ohun tó máa fi sílẹ̀ títí di Àjíǹde. Kerwin ní òun fi súìtì sílẹ̀. Nonc Alcide, ẹ̀gbọ́n Miss Vernice ("Nonc" là ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá lọ́dọ̀ wa), ní òun fi ìbínú sílẹ̀, gbogbo wa sì wojú ara wa. Miss Vernice kọjú sí mi.

"Danelle, ìwọ ńkọ́?"

"Ọtí, Mọ́mì."

Nonc Alcide gbé ṣíbí ẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ tó ò ń gbé inú ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́?"

"Nonc, kí ló le níbẹ̀?"

Miss Vernice ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tó o bá ṣe é dé Àjíǹde, n ó fún Kerwin ní òrùka ìyá mi kó fi sí ẹ lọ́wọ́. Tó o bá rí i pé o ò lè ṣe é, wá sọ fún mi, mi ò ní bínú. Irọ́ nìkan ni mi ò fẹ́."

Mo sì ṣe é. Ẹ má fojú di mí. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni mò ń po ọtí fún ará ayé, tí mò ń mu omi ẹ̀rọ bí ẹni mímọ́. Mo ti ń wo ìka mi bí ẹni tó ti rí òrùka níbẹ̀. Ó wá ku Ẹtì Rere.

Ẹtì Rere lọ́dọ̀ wa jẹ́ ọjọ́ ààwẹ̀. A kì í jẹ ẹran. Nítorí náà, a máa ń ra edé ẹrẹ̀, àpò gbọgbọrọ, a ó da á sínú ìkòkò pẹ̀lú ata, àgbàdo àti ọ̀dùnkún, a ó sì jẹ ẹ́ títí a ò fi ní lè dìde. Ààwẹ̀ wa nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Miss Vernice fi mọ́tò rẹ̀ wá gbé mi níbi iṣẹ́. A fẹ́ ra edé, a fẹ́ ra àgbàdo, a ó sì gba ṣọ́ọ̀ṣì kọjá sílé. Mo gbé ife ńlá kan dání.

"Kí nìyẹn?" Miss Vernice bèèrè.

"Ti Nonc ni. Ó ní kí n bá òun gbé e wá, pé òun ò ní mu ún títí a ó fi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé."

"Ṣé òfin gbà á kó wà nínú mọ́tò mi?"

"Mọ́mì, ta lẹ̀ ń bi? Téèpù wà lórí ẹ̀."

"Ìwọ ni mò ń bi."

"Òfin gbà á, Mọ́mì."

Mo gbé e sínú ihò tí wọ́n ń gbé ife sí láàárín wa. Búlúù ni, búlúù tó mọ́ gaara bí ọ̀run lẹ́yìn òjò. Nonc kì í mu àwọ̀ míì. Miss Vernice wò ó bí ẹni tó gbé àlejò tí òun ò pè, ó sì ṣíná mọ́tò.

Nídìí elédé, ìlà gùn dé títì. Edé ti wọ́n lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn sì ń ti ara wọn bí ẹni pé òun ni yóò gbé wọn dé ọ̀run. Miss Vernice ní, "Dúró ti mọ́tò." Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó lọ. Afẹ́fẹ́ tútù bá a lọ.

Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í se èmi náà bí edé. Ife ń làágùn. Èmi náà ń làágùn. Àwa méjèèjì ń wo ara wa.

Mo ní kí n kàn tẹ́nu bà á. Nonc ò ní mọ̀. Mo tún ronú pé Lẹ́ntì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, èyí tí mo ti ṣe ti pọ̀ ju èyí tó kù lọ, ó yẹ kí Ọlọ́run náà lè gé díẹ̀ kúrò fún mi. Sitírọ́ọ̀ wà nínú báàgì mi. Róòlù téèpù ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Mo ti gbàgbé láti bọ́ ọ sílẹ̀ níbi iṣẹ́.

Mo ṣí téèpù, mo ki sitírọ́ọ̀ bọ ihò, mo fa ọtí lẹ́ẹ̀kan, mo lẹ téèpù òmíràn. Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ mi dára. Ẹ gbé ife yẹn lọ bá adájọ́ àgbà, yóò ní kò ṣí rí.

Miss Vernice dé, òun àti ọkùnrin tó ń bá a gbé àpò sẹ́yìn mọ́tò. "Ṣé ooru ò mú ẹ jù?"

"Rárá, Mọ́mì. Ara mi tutù."

Níbi tá a ti ra àgbàdo, ó tún sọ̀kalẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò tẹ́nu bà á. Mo mu ún. Mo mu ún bí ẹni tí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti Ọjọ́rú Eléérú, òótọ́ sì ni. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ife ti dé ìdajì. Mo já téèpù, mo lẹ̀ ẹ́, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá ni mí.

Mo wá fa dígí tó wà lókè ìjókòó mi sílẹ̀, kí n wo ètè mi.

Ètè mi ò ṣe nǹkan kan. Ahọ́n mi ló kù. Ó dà bíi pé mo lá ìkòkò aró. Eyín mi náà bá a dọ́gba. Mo fi áńkáṣífù nù ún, áńkáṣífù di búlúù, ahọ́n kò kúrò níbi tó wà. Miss Vernice sì ti ń bọ̀ pẹ̀lú àgbàdo lápá.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti di ẹni tó ń fi orí dáhùn. Ó ní ṣé ká gba ọ̀nà odò? Mo mi orí. Ó ní ṣé ebi ń pa mí? Mo mi orí sí ìhà kejì. Ó wò mí dáadáa, ó ń wakọ̀ lọ.

A ò tíì dé ṣọ́ọ̀ṣì tí iná ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lẹ́yìn wa. Mo fi ara balẹ̀ bọ́ róòlù téèpù lọ́wọ́, mo fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ ìjókòó.

Renaud Judice ló ń bọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ sẹ́yìn tó ṣì ń wọ bọ́ọ̀sì Miss Vernice tòun ti àpò ìwé lẹ́yìn.

"Miss Vernice, ẹ káàsán, mà. Iná ẹ̀yìn yín kan ti kú."

"Renaud, báwo ni màmá ẹ? Kerwin á tún un ṣe lọ́la."

"Wọ́n wà, mà. Ẹ ṣáà jẹ́ kó tún un ṣe." Ó ti fẹ́ yí padà. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí àárín wa. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí nìyẹn?"

"Ti Alcide ni. Téèpù wà lórí ẹ̀."

"Mo rí téèpù. Ẹ bá mi gbé e."

Miss Vernice gbé e fún un. Ó nà á sókè sí oòrùn, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ẹ wo ara ike, mà. Ibi tó dé tẹ́lẹ̀ rèé, lókè lọ́hùn-ún. Ibi tó wà báyìí rèé."

"Ó yọ́ ni."

"Tó bá yọ́, á sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Kò ní sọ̀kalẹ̀ dé ìdajì." Ó tẹ́ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. "Òfin ní tí téèpù bá kúrò, ó ti ṣí. Tí sitírọ́ọ̀ bá wà nínú ẹ̀, ó ti ṣí. Tí díẹ̀ bá sì ti dín nínú ẹ̀, ó ti ṣí náà, kódà kó jẹ́ pé téèpù ló bo gbogbo ife."

Ibẹ̀ gan-an ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í bi mí.

"Ta ló mu ún?" Renaud bèèrè.

Miss Vernice kọjú sí mi. Kò le ojú. Ó kàn ń dúró.

Renaud bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò mí láti ojú fèrèsé. "Danelle, ṣé ìwọ ni?"

Tí mo bá la ẹnu, ó tán. Òrùka lọ, Kerwin lọ, orúkọ mi lọ. Ẹnu mi tó ń sọ̀rọ̀ láti ojú oorun títí di ojú oorun, mo pa á dé bí ọmọrí ìkòkò.

Mo mi orí pé rárá.

Ẹ ṣírò ẹ̀. Èèyàn méjì ló wà nínú mọ́tò.

Miss Vernice yí ojú padà síwájú. "Mọ́tò mi ni. Kọ ọ́ sórúkọ mi."

"Miss Vernice, ẹ má ṣe báyìí sí mi. Mo mọ̀ pé ẹ kì í mu."

"Ṣé mo ní mo mu? Mo ní mọ́tò mi ni. Ṣe iṣẹ́ ẹ, ọmọ mi."

Renaud da ìyókù sínú koríko, ó kọ tíkẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ojú ń tì í. Ẹni tó yẹ kí ojú tì jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń wo igi.

A ò rìn jìnnà tí Miss Vernice fi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó mú fóònù. Òfin àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni pé kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún ọ̀gá kí ẹlòmíì tó sọ ọ́. Mo gbọ́ ohùn Mr. Hulin, ọ̀gá wọn, láti ìdí fóònù.

"Ọtí tó ṣí? Ìwọ, Vernice?"

"Nínú mọ́tò mi, ọ̀gá."

"Máa kó kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì bọ̀ tá a bá wọlé lẹ́yìn Àjíǹde. Ká kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. O mọ bí àwọn òbí ṣe rí."

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ń wa mọ́tò lọ. Ní kọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó tẹ bíréèkì, róòlù téèpù sì yí jáde lábẹ́ ìjókòó mi, gbirigbiri, ó lọ dúró sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Miss Vernice páàkì. Ó tẹ̀ ba, ó mú un, ó gbé e lé mi nítan.

"Nǹkan ẹ bọ́," ló wí. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ń bi yín, ṣé ibẹ̀ ò tó kí n jẹ́wọ́? Ó tó. Ẹni tó bá ní làákàyè á jẹ́wọ́. Èmi gbé téèpù sínú báàgì, mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Nínú ìjọ wa, àwọn àgbà kì í fi ọwọ́ gba Ara Kristi. A máa ń kúnlẹ̀ nídìí igi tó yí pẹpẹ ká, a ó la ẹnu, a ó yọ ahọ́n. Mi ò rántí, àfi ìgbà tí ìlà ìjókòó tiwa dìde.

Mo jókòó gbọin. Miss Vernice tẹ̀ sí mi létí. "Ṣé o ò lọ ni? Kí ló dí ẹ lọ́wọ́?"

Mo dìde. Tí mo bá jókòó, gbogbo ilé Ọlọ́run á máa wá ìdí ẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Miss Vernice kúnlẹ̀ lápá òsì mi, Kerwin, tó ti wá bá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, lápá ọ̀tún. Fadá Theriot ń bọ̀, ẹni tó sì ń gbé àwo wúrà sábẹ́ àgbọ̀n àwọn èèyàn ni Nonc Alcide, nínú aṣọ funfun.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé etí Nonc ti di díẹ̀. Ó sì rò pé ti gbogbo ayé náà di.

"Ara Kristi," ni Fadá wí.

"Mmm," ni mo wí.

Fadá dúró. Àwo wúrà dúró. "Ara Kristi," ló tún wí.

Mo ní, "Àmín." Mo la ẹnu. Mo yọ ahọ́n.

Fadá wò ó. Nonc Alcide wò ó. Mo rí i bí ojú arúgbó náà ṣe tàn, bí ojú ẹni tó rí ojúlùmọ̀ láàárín ọjà. Ó tẹ̀ sí Fadá létí, ó sì sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tirẹ̀, èyí tí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ketekete:

"Ọtí mi nìyẹn."

Ẹtì Rere ni o. Wọn kì í lu agogo lọ́jọ́ náà. Kò sí ohùn kankan nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn tó lè bo ọ̀rọ̀ Nonc mọ́lẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́. Ẹlòmíì tí mo mọ̀ pé kò ṣàìsàn náà wúkọ́.

Fadá ò gbé Ara Kristi sí mi lẹ́nu. Ó fi àtàǹpàkò ṣe àmì àgbélébùú síwájú orí mi, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ tí wọn ò tíì mọ nǹkan kan, ó sì kọjá sọ́dọ̀ Kerwin.

Lẹ́yìn ìsìn, a dúró sábẹ́ igi óókù níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Kerwin ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tó ra ẹ̀rọ tuntun, tó rí i pé wọ́n ti lò ó.

"O jẹ́ kí wọ́n kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá mi?"

"Kerwin, mi ò sọ̀rọ̀ rárá."

"Mo gbọ́. Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn."

Nonc Alcide ní, "Èmi ò bínú nítorí ọtí o. Mo ti fi ìbínú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì, Danelle?"

Miss Vernice ní kí wọ́n dákẹ́. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ì bá sàn kó pariwo. "Mo mọ̀ láti ìgbà tó ò ń mi orí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́, o ò dákẹ́ rí. Mo ní kí n fún ẹ láyè. Níwájú Renaud, mo fún ẹ láyè. Mo gbé téèpù ẹ fún ẹ, mo tún fún ẹ láyè."

"Mọ́mì, ẹ má bínú."

"Àwọn ìyá ìlú yìí, wọn kì í bi mí ní nǹkan kan. Tí wọ́n bá rí bọ́ọ̀sì mi, wọ́n á gbé ọmọ lé àtẹ̀gùn, wọ́n á padà sílé. Nǹkan tí mo ní nìyẹn. Mi ò ní òmíràn. Ìwọ lo mi orí lé e lórí."

Mi ò ní ẹ̀fẹ̀ kankan láti fi sí ibí yìí.

Renaud wà lójú títì, ó ń dá mọ́tò dúró kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lè kọjá. Mo lọ bá a. Gbogbo ìjọ ń wò, ẹ sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń kánjú relé. Mo dúró níwájú ẹ̀, mo yọ ahọ́n.

Ó sún sẹ́yìn. "Kí lèyí? Àìsàn ni?"

"Ẹ̀rí ni. Èmi ni mo mu ún. Miss Vernice ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Ó wo ahọ́n mi, ó wo Miss Vernice lábẹ́ igi, ó mí kanlẹ̀. "Mi ò lè fa tíkẹ́ẹ̀tì tí mo ti kọ ya. Adájọ́ ló lè fagi lé e. Ṣùgbọ́n n ó kọ tìẹ báyìí, n ó sì kọ ohun tó o sọ síbẹ̀." Ó yọ bírò. "O lè pa ẹnu ẹ dé."

Mo jẹ́wọ́ fún adájọ́. Mo jẹ́wọ́ fún Mr. Hulin, tó ní kí n tún un sọ kí akọ̀wé òun náà lè gbọ́. Kí wọ́n tó fagi lé ti Miss Vernice, ẹlòmíì ló ń wa bọ́ọ̀sì rẹ̀. Láràárọ̀, Miss Vernice máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́, ó ń wo bọ́ọ̀sì bó ṣe ń kọjá, ó sì máa ń sọ pé, "Ó yára jù ní kọ́nà." Mo ti mu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọtí láyé mi, kò sí èyí tó korò tó kí n gbọ́ gbólóhùn yẹn láti inú ilé ìdáná wọn.

Wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un. Òrùka ò tíì jáde. Ó ní Lẹ́ntì míì ń bọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ pé ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí ni kéèyàn máa mu ti àgbọn, nítorí pé funfun ni. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yẹn bá tẹ́ lọ́rùn, ẹ máa mu ti àgbọn. Èmi mọ̀ pé gbólóhùn kan péré, "Èmi ni," ì bá ti tó ká ní mo sọ ọ́ nígbà tí Renaud bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú fèrèsé.

Ní Ẹtì tó kọjá, Miss Vernice wa mọ́tò rẹ̀ wá sójú fèrèsé mi.

"Búlúù kan, ńlá. Ti Alcide."

Mo pò ó, mo dé e, mo lẹ téèpù. Ó gbà á, ó yọ bírò nínú báàgì, ó fa ìlà sára ife níbi tí ọtí dé gan-an. Lẹ́yìn náà ló gbé e padà fún mi.

"Ìwọ lo máa gbé e délé. Bó o bá ti parí iṣẹ́, mo wà níta."

Mo gbé ife yẹn sórí itan bí ọmọ tuntun. Mi ò wò ó. Ṣùgbọ́n ooru ò mọ̀ pé mo ti yí padà, ọtí sì ń yọ́. Nígbà tá a fi máa dé ẹnu ọ̀nà, ó ti sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ ìlà, ó tó ìwọ̀n ìka kan. Ẹ̀rù tó bà mí ju ti ọjọ́ ọlọ́pàá lọ.

"Mọ́mì, mo búra, ó yọ́ ni."

Miss Vernice ò wo ife. Ó pa iná mọ́tò, ó kọjú sí mi.

"Yọ ahọ́n."

Mo yọ ọ́. Ó wo òkè rẹ̀. Ó ní kí n gbé e sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Wọlé wá bá mi bó edé."